Ìyẹ̀fun kólájìn inú agolo: kí gan-an ni owó yín ń rà?

Ìyẹ̀fun funfun ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ṣíbí ìwọ̀n kan sì wà nínú agolo. Ìlérí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pọ̀: orúnkún á yá, awọ á máa dán, irun àti èékánná á le. A ò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí ara ṣe so kọ́ra á mọ èyí tó yẹ kó gbà gbọ́.

Ohun ìsopọ̀ ara kan ló so ẹran mọ́ eegun, òun náà ló so eegun mọ́ eegun, tó sì mú ìfun àti ẹ̀dọ̀ dúró sáyè wọn. Kólájìn ni òwú tí ara fi hun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú gbogbo purotéènì ara, ó tó nǹkan bí 30 nínú 100. Bí wọ́n ṣe hun ún ló yàtọ̀. Nínú iṣan tó so ẹran mọ́ eegun, òwú náà tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí okùn kànga, ó gba fífà dáadáa. Nínú awọ, wọ́n dojú rú mọ́ra wọn, ibi yòówù kí èèyàn ti fà á, kì í tètè ya. Nínú eegun rírọ̀ tó bo orí eegun lóríkèé, àwọn òwú náà di ohun kan tó mu omi púpọ̀ mú, òun ló ń gba ìwúwo ara nígbà tí a bá ń rìn. Ọ̀rá wà nínú ìdílé ohun ìsopọ̀ ara yìí, eegun náà wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn tiẹ̀ ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í rí òwú nínú ẹ̀jẹ̀ àfi nígbà tó bá ń dì, òwú yẹn kì í sì í ṣe kólájìn.

Eegun rírọ̀ yìí kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi inú oríkèé ló ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣan àti okùn tó so eegun mọ́ eegun náà kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́ fi ń pẹ́ kó tó san ju ojú ọgbẹ́ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí agolo bá sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni orúnkún á yá.

Odidi kólájìn tóbi tó nǹkan bí 300,000 dalton (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan tó kéré gan-an). Iléeṣẹ́ ti gé ti inú agolo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 5,000, inú wa á sì tún gé e sí i. Lóòótọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta láìtú tán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú lẹ́tà dání pé orúnkún ni òun ń lọ. Nítorí náà, ariwo “irú I àti III”, ìyẹn oríṣi kólájìn, tí wọ́n ń kọ sára agolo kò tó nǹkan.

Àwọn ìwádìí tó rí ìrọ̀rùn díẹ̀ fún oríkèé sábà máa ń lo 10 g lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ṣíbí inú agolo yín bá jẹ́ 5 g, ìdajì lẹ ń mu nìyẹn. Ti súìtì kólájìn tiẹ̀ burú jù, òmíràn kì í tó 1 g. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù yẹ ìlérí oríkèé yìí wò lọ́dún 2011, wọn ò fọwọ́ sí i. Ní ti awọ, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 23 jọ lọ́dún 2025: níbi tí owó iléeṣẹ́ ti wọ̀ ọ́, awọ dára sí i, níbi tí kò ti wọ̀ ọ́, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí. Ẹni tó bá ń rà á torí awọ, a ò gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tí oríkèé ń dùn díẹ̀ lè fi oṣù mẹ́ta gbìyànjú ẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, kó fi sílẹ̀.

Kó má baà di kóókó, omi 200 ml ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù, kẹ́ ẹ wá da ìyẹ̀fun sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó rò ó. Omi gbígbóná tí wọ́n dà lé ìyẹ̀fun lórí ló ń mú kó di kóókó. Ó ṣeé pò mọ́ ògì. Ẹ jẹ ọsàn kan mọ́ ọn, torí láìsí fítámì C, ara kò lè so òwú kólájìn pọ̀ kó le. Ẹ má fi rọ́pò ẹyin tàbí ẹ̀wà o: tryptophan, èròjà purotéènì kan tí ara nílò, kò sí nínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ màlúù náà ńkọ́? Kólájìn kan náà ni. Iná díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sè é fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, títí iṣan á fi máa yọ kúrò lára eegun. Bí ó bá sun inú fíríìjì mọ́jú, omi ọbẹ̀ náà á dì gbagidi, ọ̀rá á sì léfòó, kí ẹ bu ọ̀rá náà dànù. Ibi tí agolo ti borí ni pé kò lọ́ràá, kò gba àkókò, èèyàn sì mọ iye gíráàmù tó mu. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń sọ pé kò ṣe ara lóore, purotéènì wà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi táyà sun.

Ohun tí ẹ fi ń dán agolo wò nìyí: ẹ po 10 g mọ́ omi gbígbóná 100 ml, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Bí ó bá dì, jẹ́látíìnì lásán, ìyẹn kólájìn tí wọn ò gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ni wọ́n tà fún yín. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sì wo ẹran tí wọ́n ti mú un: màlúù, ẹja tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún Mùsùlùmí àti fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹja. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án. Bí agolo kan bá sì ní òun ń pa àpá tó wú rẹ́, ẹ dá a padà sórí káńtà. Kólájìn tó pọ̀ jù ló ń fa irú àpá bẹ́ẹ̀.