Ìdánwò bíráúsà lórí sáfà tí kò ní mọ́nítọ̀: Xvfb, headless tàbí bíráúsà àháyà?

Sáfà CI, èyí tí ó máa ń dán iṣẹ́ wò nígbàkígbà tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, kì í ní mọ́nítọ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í. Bíráúsà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ya ojú-ewé sí. Bí kò bá rí i lórí Linux, yóò ké pé òun kò rí DISPLAY, yóò sì kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò aládàáṣe níbẹ̀ lè yàn nínú wọn. Xvfb ni àkọ́kọ́, ètò tí ó ń ya gbogbo àwòrán sínú mẹ́mọ́rì, tí bíráúsà yóò fi gbà pé mọ́nítọ̀ wà. Èkejì ni ipò headless, níbi tí bíráúsà fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láìyọ fèrèsé kankan. Ẹ̀kẹta ni kí a háyà bíráúsà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Sauce Labs tàbí BrowserStack, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà àti fóònù lóríṣiríṣi, kí a sì máa sanwó fún wọn.

Mo ti ń lo Xvfb fún ìgbà pípẹ́, mo sì ṣì ń lò ó. Mo ti bá headless ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Chrome 59 gbé e dé ní 2017. Mo sì ti sanwó fún bíráúsà àháyà.

Ní ti fífi wọ́n sórí ẹ̀rọ, kò sí èyí tó le: headless kò bèèrè ju ọ̀rọ̀ kan lórí àṣẹ, Xvfb kò bèèrè ju kí a fi apt gbé e wọlé kí a sì kọ xvfb-run -a síwájú àṣẹ ìdánwò, ti àháyà ń bèèrè àkáǹtì àti kọ́kọ́rọ́. Ní ti mẹ́mọ́rì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Xvfb dẹ́rù bà yín, nítorí pé ojú mọ́nítọ̀ tí ó tó 1920 ní 1080 kò gbà ju bíi mẹ́gábáìtì 8 lọ. Chrome ló ń jẹ mẹ́mọ́rì, yálà fèrèsé rẹ̀ yọ tàbí kò yọ. Ẹni tó bá ń lo Docker, ètò tí ó ń kó iṣẹ́ sínú àpótí àdádúró tí a ń pè ní kọ̀ǹténà, gbọ́dọ̀ tún rántí pé mẹ́gábáìtì 64 péré ni Docker ń fún /dev/shm, mẹ́mọ́rì tí àwọn ètò jọ ń pín lò, bí a kò bá sọ iye mìíràn, àti pé Chrome máa ń kú láàárín iṣẹ́ nítorí rẹ̀; kí ẹ fi --shm-size=2g sí i, ọ̀ràn náà tán.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ rò jinlẹ̀ kí ẹ tó yan ọ̀kan ni èyí: bí ìdánwò bá kùnà ní òru, kí ni ẹ óò rí láàárọ̀? Ìdánwò tí ó ń kùnà tí a kò sì mọ ìdí rẹ̀ burú ju kí ó má sí lọ, nítorí pé láìpẹ́ àwọn ènìyàn a máa kàn tẹ bọ́tìnnì kí ó tún bẹ̀rẹ̀, wọn a sì dẹ́kun wíwo ohun tó ṣẹlẹ̀, títí àṣìṣe gidi yóò fi kọjá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ibí gan-an ni bíráúsà àháyà ti gba owó àti sùúrù lọ́wọ́ mi. Òkè òkun ni ilé-iṣẹ́ tí a háyà lọ́wọ́ rẹ̀ wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìkànnì tí a ń dán wò kò tíì jáde sí gbangba, inú sáfà CI wa ló wà, nítorí náà a ní láti fi ètò kan síbẹ̀ tí yóò la ọ̀nà àdáni láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ bíráúsà wọn. Nígbàkígbà tí ọ̀nà náà bá já, bíráúsà tó wà lọ́hùn-ún a dúró sójú kan, a máa retí ojú-ewé tí kò lè dé mọ́, títí gbèdéke àkókò tí wọ́n fún un yóò fi pé. Fídíò tí a ń bá láàárọ̀ a jẹ́ ojú-ewé funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tí a lè fi mọ̀ bóyá kóòdù wa ló bàjẹ́, tàbí ọ̀nà náà, tàbí kọ̀ǹpútà wọn, ìdáhùn tí a sì ń rí gbà nígbà tí a bá kọ̀wé sí wọn ni pé kí a tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ló dùn mí jù. Iye bíráúsà tí a lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ni à ń sanwó fún, nítorí náà èyí tí ó dúró sójú kan ti gba ọ̀kan nínú àyè tí a rà, àwọn ìdánwò yòókù a sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi tò síbẹ̀, ìṣẹ́jú tí a ń rà lórí sáfà CI tiwa náà ń lọ. Owó ibi méjì là ń san fún ìdúró kan ṣoṣo, dọ́là sì ni méjèèjì. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un jẹ́ náírà mọ bí ìyẹn ti wúwo tó láti oṣù kẹfà ọdún 2023.

Headless kò ní irú ìyọnu yìí, nítorí pé orí sáfà kan náà ni bíráúsà àti ìkànnì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọkàn tán an, ẹ mọ irú headless tí ẹ ń lò. Ti àtijọ́ kì í ṣe Chrome tí oníbàárà ń lò. Ètò ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í gba ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ 800 ní 600 bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ iye mìíràn fún un, èyí tí ó ń mú kí ìkànnì tí a kọ fún ojú ńlá àti kékeré ká mẹ́nù rẹ̀ pọ̀, kí ìdánwò sì máa wá bọ́tìnnì tí kò hàn. Chrome 112 ní 2023 ló mú headless tuntun wá, tí ó jẹ́ Chrome gan-an. Nígbà tí ó di Chrome 132 ní 2025, wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò, wọ́n sì sọ ọ́ di ètò tó dá dúró tí a ń pè ní chrome-headless-shell. Síbẹ̀, láti ẹ̀dà 1.49 Playwright, ètò tí a fi ń kọ ìdánwò bíráúsà, headless shell yìí ni ó ń lò bí a bá ní kí ó ṣiṣẹ́ láìyọ fèrèsé, àfi bí a bá kọ channel: 'chromium' sínú ìlànà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló gbà pé Chrome tí gbogbo ayé ń lò ni àwọn ń dán wò, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohun tí a ó rí láàárọ̀, trace ti Playwright dára púpọ̀: ó ń fi ipò ojú-ewé hàn ṣáájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà nígbà tí fèrèsé bá yọ lábẹ́ Xvfb, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè kà sí èrè headless nìkan.

Bíráúsà tó wà lábẹ́ Xvfb ni èyí tí oníbàárà ń lò lódindi, tòun ti ibi àdírẹ́sì àti àpótí tí ó fi ń tọrọ ìyọ̀ǹda. Nítorí pé ojú kan wà tí ó ń yàwòrán sí, a lè fi ffmpeg gba fídíò gbogbo rẹ̀ nípasẹ̀ x11grab, a sì lè tan x11vnc sí i kí a fi kọ̀ǹpútà tiwa wo ìdánwò bí ó ti ń lọ lọ́wọ́, kódà kí a gba máòsì kí a tẹ nǹkan fúnra wa. Ìdánwò kan wà tí ó máa ń dúró lórí ojú-ewé ìsanwó, tí àwòrán ojú-ewé náà kò fi ohunkóhun hàn; fídíò gbogbo ojú ló jẹ́ kí a rí i pé bíráúsà ń bèèrè bóyá kí ìkànnì mọ ibi tí oníbàárà wà, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Àpótí yẹn kò sí nínú ojú-ewé, nítorí náà àwòrán ojú-ewé kò lè gbé e.

Xvfb ní àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Kò sí ètò tí ń ṣàkóso fèrèsé nínú rẹ̀, nítorí náà àṣẹ pé kí fèrèsé gbòòrò lè má ṣiṣẹ́ títí ẹ óò fi fi openbox tàbí fluxbox sí i. Ẹ máa sọ ìwọ̀n ojú fún un fúnra yín, bíi -screen 0 1920x1080x24. Bí wọ́n bá pa á lójijì, fáìlì /tmp/.X99-lock lè ṣẹ́kù kí ó sì dí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà. Àmì -a tí mo mẹ́nu bà lókè ni yóò máa wá nọ́ńbà tó ṣófo.

Ọ̀ràn fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, kan gbogbo ẹni tó ń kọ ìkànnì ní Yorùbá. Kọ̀ǹténà kékeré kì í sábà ní fọ́ǹtì, ọ̀rọ̀ bíi Ọ̀yọ́ sì nílò èyí tó mọ bí a ti ń fi àmì ohùn lé lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, nítorí pé nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀ tàbí ẹ́. Ẹ fi fonts-noto-core sí i, kí ẹ sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìlànà Unicode tí ó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà kíkọ kan ṣoṣo, kí ìdánwò tó fi wọ́n wéra.

Safari, bíráúsà Apple, ni ibi tí ti àháyà ti borí láìsí àríyànjiyàn. Orí ẹ̀rọ Apple nìkan ló ń ṣiṣẹ́, safaridriver tí a fi ń darí rẹ̀ kò sì ní ipò headless; WebKit, ẹ̀ńjìnì Safari, tí Playwright ń gbé wá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ipò tirẹ̀. Ẹ lo headless tuntun fún ìdánwò kéékèèké tó ń sáré nígbàkígbà tí kóòdù bá wọlé. Ẹ háyà fún Safari àti fún fóònù gidi, díẹ̀ péré, ṣáájú kí iṣẹ́ tó jáde. Ìwọlé, ìsanwó, gbígbé fáìlì sókè àti ohunkóhun tí owó oníbàárà gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fi wọ́n sábẹ́ Xvfb pẹ̀lú fídíò, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdọọdún kankan fún bíráúsà àháyà títí ẹ óò fi rí i pé Xvfb kò tó yín. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ háyà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ní kíkọsílẹ̀ bóyá bíráúsà tó dúró sójú kan ṣì ń gba àyè, bóyá ẹ lè dín gbèdéke àkókò rẹ̀ kù fúnra yín, orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà wọn wà, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ń pa fídíò mọ́.