Ibùdó Ìgbaninímọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin: Ohun Tí Mo Bá Níbẹ̀

Ibùdó ìgbaninímọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nínú ọgbà ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ilé ẹ̀kọ́ tí a ń san, nítorí náà wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí pé n kò ní yin gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó ṣe mí lóore fara gbá nínú rẹ̀.

Àìsùn ló gbé mi dé ibẹ̀. Tánkè ni mo ń gbé, ojú mi a sì là sílẹ̀ títí wọn yóò fi pe ìrun àsùbáà. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, n kò ní lè ka ojú ìwé kan kó yé mi. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ sì sú mi. Nílé wa ní Òmù-Àrán, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tí ó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ní kí n jẹ́ kí áfáà kan ṣe rúkíyà fún mi, ìyẹn ni kó ka Kùránì sí mi lára fún ìwòsàn. N kò kẹ̀yìn sí àdúrà, mo sì ń gbà á títí di òní, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó bi mí pé wákàtí mélòó ni mo ń sùn.

Ẹnu ọ̀nà ibùdó náà ni àléébù rẹ̀ tó burú jù wà. Bẹ́ǹṣì tí a fi ń dúró kọjú sí ọ́fíìsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yẹ owó tí wọ́n san wò, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí ọ. Akọ̀wé tó jókòó síwájú bi mí sókè ketekete pé kí ni mo bá wá, ó sì na ìwé ńlá kan sí mi pé kí n kọ orúkọ mi, ẹ̀ka tí mo wà, àti ìdí tí mo fi wá. Ìwé ọ̀hún wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ̀lé mi láti kà. Ní ìlú tí wọ́n ti ń mọ ènìyàn mọ agbo ilé bàbá rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo kọ "ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́" síbi tí wọ́n ti béèrè ìdí. Nígbà tí mo gbójú sókè díẹ̀ lórí ìwé náà, ohun kan náà ni gbogbo àwọn tó ṣáájú mi kọ.

Nínú yàrá lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìyá àgbà kan ló gbà mí, Màmá ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè rárá. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ohun tí mo bá sọ kò ní jáde, àfi bí ó bá dà bíi pé mo fẹ́ pa ara mi lára tàbí pa ẹlòmíràn lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 jáde, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ìsoríkọ́ ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agara, àìlèfọkànsíṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 dé 3, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi kà á fún mi, wọ́n ń dúró kí n ronú. Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí èrò ikú. Àwa tí a máa ń sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí ní tààrà, wọ́n sì ní bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kọ́kọ́ dà bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lójú mi: kí n máa kọ ìgbà tí mo sùn àti ìgbà tí mo jí, kí n máa dìde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ ì báà jẹ́ pé n kò sùn, kí n sì máa kọ èrò tó bá ń dà mí láàmú sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tó gbè é àti èyí tó takò ó. Oorun ló kọ́kọ́ padà, èyí tó kù sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún kọ lẹ́tà fún mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, ẹni tó ní kí n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kó rẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé oògùn ìsoríkọ́ máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé Aró ni wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ ni?" Mo gbà kí Màmá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá sọ fún wọn pé láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aró l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n tún sọ fún wọn pé ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pè irú wa ní wèrè. Bàbá mi kò sọ pé àwọn gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn agbaninímọ̀ràn kò pọ̀ rárá, nígbà ìdánwò sì ni ó máa ń ṣòro jù láti rí wọn. Wọn kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ní àsìkò ìsinmi. Fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn MANI (Mentally Aware Nigeria Initiative), ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, ní àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un: ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn ni kó gbà lọ, kó sì mú ènìyàn kan dání.

Bí àbúrò mi bá wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ibẹ̀ ni n óò ní kó lọ, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí èrò tó pọ̀. Mo ti kọ̀wé nípa ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn sí wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún ènìyàn báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbé bẹ́ǹṣì náà kúrò.