Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àfọ́kù bàálù ogun Jámánì: ẹ ka àmì ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń kó ẹrù Ogun Àgbáyé Kejì jọ, ọlọ́jà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn lọ́dà, tó ń sọ pé ara Stuka ni wọ́n ti gé e, ìyẹn Junkers Ju 87, bàálù Jámánì tó máa ń forí sọlẹ̀ láti ojú sánmà kó tó ju bọ́ǹbù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù san owó gọbọi fún ọ̀kan, ó sì gbé e wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayédèrú ni.

Ohun tí wọ́n kọ sára páànù náà ni S2, àgbélébùú dúdú, K aláwọ̀ ìyeyè àti N. Ìwé ẹ̀rí tí ọlọ́jà fi tì í lẹ́yìn sọ pé S2 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì. Irọ́ gbáà ni. Àmì méjì tó ṣáájú àgbélébùú ni wọ́n fi ń dá Geschwader kọ̀ọ̀kan mọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn bàálù ogun Jámánì, kì í ṣe kíka ẹgbẹ́ ní oókan-eéjì: S2 jẹ́ ti StG 77 (StG ni ìkékúrú orúkọ Geschwader àwọn Stuka), T6 jẹ́ ti StG 2, A5 jẹ́ ti StG 1. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé àgbélébùú ni ti bàálù fúnra rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni ti Staffel, ẹgbẹ́ kékeré inú Geschwader. H, K àti L ni Staffel 1 sí 3. M, N àti P ni 4 sí 6. R, S àti T ni 7 sí 9. Bí ẹ bá gbọ́ pé A5+HL ni wọ́n kọ sára Stuka tó wà ní Griffin Museum of Science and Industry ní Chicago, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí ní Àríwá Áfíríkà ní 1941, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bàálù H ti Staffel kẹta nínú StG 1 ni.

N ara páànù ọ̀rẹ́ mi wá di Staffel karùn-ún, ìkejì nínú Gruppe rẹ̀ (Staffel mẹ́ta-mẹ́ta ni Gruppe kan), pupa sì ni ìlànà fún àwọ̀ lẹ́tà bàálù irú wọn, bíi K yìí, nítorí funfun ni ti àkọ́kọ́, ìyeyè sì ni ti ìkẹta. Wọn kì í tẹ̀ lé ìlànà àwọ̀ yìí nígbà gbogbo, n kò sì ní torí ìyeyè nìkan pe ẹnikẹ́ni ní gbájúẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí náà ló tú u fó. Ó ní bàálù náà jẹ́ ti "SG 77", pé ó já ní Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 1940, àti pé inú ìwé Jámánì ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti da ọ̀rọ̀ yìí kọ. Òótọ́ ni pé StG 77 pàdánù bàálù púpọ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí àwọn ibùdó ológun ní Thorney Island, Ford àti Poling. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi fẹ́ràn ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá 1943 ni wọ́n tó yí orúkọ StG padà sí SG. Ọlọ́jà náà tún sọ pé òun fúnra òun ló hú u jáde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí òfin 1986 ti wà ní Bìrìtéènì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú àfọ́kù bàálù ológun láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi béèrè ìwé àṣẹ náà, ọlọ́jà kò fèsì mọ́.

Ẹ wo ọ̀dà náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Nǹkan ti ha páànù náà lára lóòótọ́, ó sì ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú àgbélébùú ti ṣàn wọ inú ojú ibi tí nǹkan ha, ó sì bo ibi tó dógùn-ún náà mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 1940 ni wọ́n ti kùn ún, ojú ibi tí nǹkan ha ì bá ti gé ọ̀dà kọjá ni.

Ẹ béèrè fún àwòrán ẹ̀yìn páànù àti ti etí rẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ, ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì aládàáni tí ẹ kò ti lè gbà á padà. Ọlọ́jà yìí ti yí orúkọ tó fi ń tajà padà, àwòrán páànù kan náà ló sì tún gbé síta, tòun ti àgbélébùú àti K aláwọ̀ ìyeyè.