Báifókà tàbí awò méjì: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún, tó ń na Bíbélì jìnnà kó tó rí i kà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe awò ní Kábbà tàbí Ìsánlú, wọ́n á bi yín bóyá báifókà lẹ fẹ́, ìyẹn awò kan ṣoṣo tó ní ìlà láàárín, tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí abẹ́ rẹ̀ wà fún ìwé, àbí awò méjì, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún ìwé. Mo ti lo méjèèjì.

Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí ibẹ̀ ni báifókà ti ná mi lówó. Abẹ́ ìlà inú báifókà, ohun tó wà ní nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà ló ń mú hàn kedere, bí ojú ìwé tàbí fóònù. Ẹsẹ̀ ẹni jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, abẹ́ ìlà yẹn gan-an lẹ ó fi wolẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ṣe bàìbàì. Ohun tí ojú ọ̀tún rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi èyí hàn ní 1838. Bí etí àtẹ̀gùn bá ti ṣe bàìbàì, kí ni ọpọlọ fẹ́ fi wéra? Ní ìlà náà gan-an, ńṣe ni nǹkan máa ń fò kúrò ní àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò kan ní Kábbà, mo fẹ́ ré gọ́tà kọjá. Bèbè òdìkejì hàn sí mi bí ẹni pé ó ti dé abẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò tíì dé. Ẹsẹ̀ rọ́, férémù kán. Mo sanwó fún ẹni tó bá mi fa ẹsẹ̀, mo tún sanwó awò.

Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà gbé àbájáde kan jáde ní 2010: àwọn àgbà tó máa ń jáde dáadáa, tí wọ́n fún ní awò ọ̀nà jíjìn lásán láti máa fi rìn, kò ṣubú tó àwọn tó ń lo irú báifókà. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n fún ní irú awò ọ̀nà jíjìn yẹn, tún ṣubú sí i níta.

Owó: férémù méjì wọ́n ju ọ̀kan lọ. Ìgbàgbé: ẹ so ti ìwé mọ́ okùn ọrùn. Olùkọ́ tó ń wo pátákó, tó tún ń wo ìwé, báifókà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Progressive, awò tí agbára rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé abẹ́, kò ní ìlà, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ náà kì í jẹ́ kílẹ̀ hàn kedere, ó sì wọ́n jù.

Ẹni tó máa ń jókòó ṣiṣẹ́ ṣáá, báifókà dára fún un. Ẹni tó ń gun òkè, tó ń lọ oko, tó ń sọ̀ lórí ọ̀kadà, kó ra méjì. Bówó bá ká ẹyọ kan, ti ọ̀nà jíjìn ni kó kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ń rí ọ̀nà jíjìn láìlo awò, ti ìwé nìkan tó fún un, kó sáà bọ́ ọ kó tó dìde.