Igi tó ń fọ̀pá tilẹ̀ ní ọgbà Kenrokuen

Ìtọ́jú ọmọ ló gbé mi dé Kanazawa ní ilẹ̀ Japan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wẹ ọmọ, tí mi ò rí ju ògiri ilé lọ, ọkọ ọmọ mi ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọgbà.” Mo ní ọgbà kẹ̀? Èmi tí mo ti gbin ewédú títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ewé wo ló kù tí mo fẹ́ wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 65, ẹ mú ìwé tó fi ọjọ́ ìbí yín hàn dání o, ọ̀fẹ́ ni. Mo na pásípọ́ọ̀tù mi sí ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún mi, mo wọlé. Yẹ́nì 320 ni ọkọ ọmọ mi san.

Ìdílé Maeda, àwọn tó jẹ olúwa ilẹ̀ Kaga láyé àtijọ́, ló ń tún ọgbà yìí ṣe láti ìran dé ìran. Ọdún 1874 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún tẹrútọmọ. Ó lé ní hẹ́kítà 11, kì í ṣe ibi téèyàn ń fi bàtà gogoro rìn.

Igi páìnì kan wà létí adágún Kasumigaike, Karasaki ni wọ́n ń pè é. Olúwa ilẹ̀ kẹtàlá ló mú irúgbìn rẹ̀ wá láti adágún Biwa. Ẹ̀ka rẹ̀ ti nà sórí omi débi pé kò lè dá ara rẹ̀ gbé mọ́, ni wọ́n bá fi ọ̀pá tì í lábẹ́. Ọ̀pá ọ̀hún ju iye ọmọ tí mo bí lọ. Yìnyín ìlú yẹn máa ń rin, ó máa ń wúwo, ó sì ń ṣẹ́ ẹ̀ka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so igi lókùn láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ọjọ́ yẹn gan-an la bọ́ sí. Òpó gíga márùn-ún ni wọ́n nà sókè fún Karasaki nìkan, wọ́n sì ta okùn bí 800 láti orí òpó wá sórí ẹ̀ka, àfi bí agboòrùn tí wọ́n ṣí aṣọ rẹ̀ kúrò. Mo ń wo bàbá kan lórí igi. Ó so okùn, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀ka náà wò, ó tú u, ó tún un so. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń di irun fún ọmọ tórí ń fọ́.

Àtùpà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Kotoji ni gbogbo ayé ń tò láti bá ya fọ́tò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn wà nínú omi, èyí tó kúrú gun orí òkúta. Wọ́n ní ọgbọọgba ni méjèèjì tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ló kán, wọ́n sì kúkú wá òkúta tì í lẹ́sẹ̀. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo dúró ti àtùpà yẹn pẹ́.

Omi kan tún ń tú sókè nísàlẹ̀, ó ga tó mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Kò lo iná, kò lo jẹnẹrétọ̀! Adágún òkè ló ń ti omi náà wá, bíi táǹkì tá a gbé sórí òpó nílé. Ọkọ ọmọ mi ń pè mí ká máa lọ, mo ní kó dúró ná.

Níta, ẹnì kan ta áísìkírìmù tí wọ́n fi wúrà bò fún wa. Kanazawa náà ni wọ́n ti ń lu wúrà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gbà. Àmọ́ owó gọbọi la san, wúrà ọ̀hún kò sì ládùn kankan. Ẹ fowó yín ra tíì.

Ẹ mú agboòrùn o. Àwọn ará ibẹ̀ ní kéèyàn gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sílé ó sàn ju kó gbàgbé agboòrùn. Òjò pa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì mi. Mo fẹ́ kí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ sórí okùn bàbá yẹn.