Ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré orí tábìlì: bó ṣe ń ṣe sí mi nídìí aṣọ bèbí

Àwọn ènìyàn ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré tí wọ́n ń tà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, ṣeé fi rán nǹkan gidi. Aṣọ bèbí, ìyẹn ọmọlángidi tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, ni èmi fi ń rán, ohun tí mo bá sì sọ níbí, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Butterfly ọlọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tí à ń fọwọ́ yí, ni mo fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo ṣì fi ń rán aṣọ oníbàárà. Èrò mi lórí ẹ̀rọ kékeré yìí ni pé ó dára níbi tí ìlà bá ti lọ tààrà, ṣùgbọ́n bó bá kan ọrùn apá, ìyẹn ibi tí apá aṣọ ti so mọ́ ara aṣọ, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá rà á tìtorí aṣọ bèbí, tó wá kó abẹ́rẹ́ ọwọ́ dànù, kò ní gbádùn rẹ̀.

Àjákù aṣọ ẹbí ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Tí Iléyá bá ti kọjá, tí Káyòkáyò ń bọ̀, ìyẹn ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ẹbí kọ̀ọ̀kan á kó ankara tirẹ̀ wá, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù á sì kún fún àjákù. Ọmọ oníbàárà mi kan ló ṣa díẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ti bèbí mi náà, kí èmi àti ẹ̀ jọ wọ̀ ọ́." Mo rán ìró, bùbá àti gèlè fún bèbí náà. Àwọn ìyá tó rí i lọ́dún ọ̀hún ló sọ ọ́ di iṣẹ́ fún mi.

Bèbí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni irú Barbie, tí ilé-iṣẹ́ Mattel ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1959. Ínṣì 11 àtààbọ̀ ni gíga rẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí ìyá bá gbé Queens of Africa wá, èyí tí ọmọ Nàìjíríà, Taofick Okoya, bẹ̀rẹ̀ ní 2007, nítorí àwọ̀ ara àti irun rẹ̀ jọ ti ọmọ tó fẹ́ fi ṣeré. Èyí tó wù kó jẹ́, ìṣirò kan náà ni: tí ẹ bá pín ènìyàn sí mẹ́fà, ìdá kan ni bèbí. Ìdajì ínṣì tí à ń fi sílẹ̀ létí aṣọ wa, bí ẹní fi ínṣì mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá àgbàlagbà ló máa rí lára rẹ̀. Kọ́tà ínṣì ni mo ń fi sílẹ̀, tí mo bá sì rán an tán, mo tún máa ń gé e kù. Aṣọ tó ní àwòrán ńláńlá kò yẹ é. Òdòdó kan ṣoṣo lára ankara lè bo gbogbo àyà bèbí. Àdìrẹ Ìtokú, ní Abẹ́òkúta, tó bá ní àmì wẹ́wẹ́, ló ń dára jù lójú mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dórí ẹ̀rọ. Òwú òkè àti ti bọ́bìnì, ìyẹn ìkó òwú kékeré tó ń wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ló ń lò, nítorí náà ojú ìrán rẹ̀ dì mọ́ra. Kò dà bí èyí tó ń fi òwú kan ṣoṣo rán, tó jẹ́ pé tí ọmọ bá fa ìdí òwú, gbogbo rẹ̀ á tú. Ó ní eré méjì, pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, iná kékeré tó ń tàn sí ojú abẹ́rẹ́, àti àgbá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn lè fọwọ́ yí. Àgbá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá ku bíi ojú ìrán mẹ́ta kí n dé igun kọ́là, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, kí n fọwọ́ yí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ á fi bọ́ sí ibi tí mo fẹ́ gan-an. Abẹ́rẹ́ tó bá a wá ti nípọn jù fún irú aṣọ báyìí. Mo yọ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 tí a ń lò fún ẹ̀rọ ilé sí i, ó sì gbà á wọlé.

Ibi tó ti kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu ni ihò abẹ́ abẹ́rẹ́. Ihò náà fẹ̀. Tí ènìyàn bá gbé etí aṣọ tín-ín-rín síbẹ̀, ẹ̀rọ á gbé e mì, òwú á sì ta kókó sísàlẹ̀. Ohun tó yanjú rẹ̀ fún mi ni pé mo ń kọ́kọ́ rán orí àjákù kan, kí n wá ti aṣọ bèbí tẹ̀ lé e láì gé òwú. Tí aṣọ bá fúyẹ́ gan-an, mo ń tẹ́ bébà tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀, kí n rán aṣọ àti bébà pọ̀, kí n ya bébà kúrò lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí.

Ojú ìrán rẹ̀ kò ṣeé dín kù. Gígùn kan náà ló ń rán, bẹ́ẹ̀ ọrùn apá bèbí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ojú ìrán tó gùn kì í yí po níbẹ̀, igun-igun ló máa ń rí. Lórí Butterfly, mo lè yí irin kan kí ojú ìrán sún mọ́ra, òun ló fi borí ẹ̀rọ kékeré pátápátá. Nítorí náà, ọwọ́ ni mo fi ń rán ọrùn apá àti ọrùn aṣọ: àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Mo ń so apá mọ́ ara aṣọ nígbà tí aṣọ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí n tó rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Ẹ̀yìn ni mo ń ṣí sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kí n fi bọ́tìnì onítẹ̀ sí i, nítorí orí bèbí àti irun rẹ̀ kò lè gba ọrùn kọjá. Tí ọmọ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un, kó fi ọ̀rá kékeré we ọwọ́ bèbí kó tó tì í bọ apá aṣọ, kí àwọn ìka rẹ̀ má bàa fa òwú já.

Aṣọ òkè kọjá agbára ẹ̀rọ yìí. Ìpele kan ṣoṣo ló ń gbà nínú rẹ̀. Tí mo bá ṣẹ́ ẹ po láti ká etí rẹ̀, ẹ̀rọ á kùn, á dúró. Léèsì tí wọ́n fi rọ́bà hun rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo kàn ń fi iná àbẹ́là ra etí rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí n má tilẹ̀ ká a.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná kọ́ ni ìṣòro, òun gan-an ló tilẹ̀ fà á tí mi ò fi ní ta á. Bátìrì mẹ́rin lásán ló lè gbé e, nítorí náà tí iná bá lọ, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́, tó bá sì ti ń rẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á máa fo ojú ìrán kí ẹ̀rọ tó dúró rárá. Tí ẹ bá rí i tó ń fo, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì kẹ́ ẹ tó tú ẹ̀rọ. Tí mo bá sì fi wáyà iná lò ó pẹ́, ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń gbóná. Mo máa ń pa á kó tutù. Ẹni tó tà á fún mi kò fi bọ́bìnì kún un tó bó ṣe kọ ọ́ síwájú ọjà, kò sì dá ìpè mi padà, ìyẹn bí mi nínú.

Fìlà àti súwẹ́tà bèbí kò kan ẹ̀rọ, híhun ni. Irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 ni mo ń lò. Òwú wúùlù tí a fi ń hun fìlà ọmọ tuntun nípọn jù, bèbí á dà bí ẹni tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì. Mo ń tú òwú onífọ́nrán mẹ́rin sí méjì-méjì kí n tó hun ún, fìlà náà á sì jókòó sórí dáadáa.

Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti ìyá tó fẹ́ máa rán fún ọmọ rẹ̀ nílé, mo ní kẹ́ ẹ rà á. Fún ẹni tó fẹ́ fi gba iṣẹ́ púpọ̀, Butterfly ọlọ́wọ́ àlòkù tó ṣì dára ni kẹ́ ẹ wá, kódà bó bá gba kẹ́ ẹ dúró kówó pé. Tẹ́ ẹ bá ra èyí kékeré, ẹ mú ọ̀kan nínú bọ́bìnì rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò télọ̀, kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ra kún un, nítorí ti Butterfly kò bá a mu.