Àwòrán Méjì Tí Mo Rà ní Tánkẹ̀

Mo ra ẹ̀dà àwòrán méjì ní ilé ìtajà kan ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, tí wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n sì fi férémù igi tó dára yí ká. Ọ̀kan jẹ́ ìyọ oòrùn ní èbúté Le Havre tí Claude Monet yà ní 1872, tí àkọlé àwòrán náà, Impression, soleil levant, sì di ìpilẹ̀ orúkọ impressionism (ọ̀nà ìyàwòrán tó ń lépa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lójú) lẹ́yìn ìpàtẹ ọdún 1874 ní Paris; èkejì jẹ́ Igbe (The Scream), àwòrán tí Edvard Munch, ọmọ Norway, yà ní 1893, ẹni tí àwọn ayàwòrán expressionism (ọ̀nà ìyàwòrán tó ń fi ìmọ̀lára inú ọkàn hàn) ní Jámánì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń fi han ojú ní ìṣẹ́jú kan ni Monet ń lé, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo odò Asà ní ìdájí, ṣùgbọ́n ìpayà inú ọkàn ni Munch tú síta, tí ojú ọ̀run fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣìṣe ìtẹ̀wé kò fi bà wọ́n jẹ́ bákan náà: ti Munch ṣókùnkùn díẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń dẹ́rù bani, àmọ́ oòrùn Monet tó yẹ kó rí bí ọsàn pípọ́n di àwọ̀ ilẹ̀, gbogbo àwòrán náà sì kú. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, mo sì ń jókòó síwájú rẹ̀ láràárọ̀ báyìí.